Orúkọ Tí Ìyàwó Kò Gbọ́dọ̀ Pè

Bí ẹ bá wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀wọ̀ láàárọ̀, kí dókítà tó dé, obìnrin kan ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ìbòrí funfun bo orí dé èjìká, ó sì ń nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í yára. Bó bá nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kan tán, yóò dúró, yóò wo ọmọ tó wà lórí rẹ̀, yóò kí ìyá ọmọ, kó tó sún garawa rẹ̀ síwájú. Lábísí ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ìnulẹ̀ ni wọ́n gbà á fún. Iṣẹ́ kejì tó ń ṣe níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á fún un, kò sì sí nínú ìwé kankan. Òun ni ẹnu àwọn tí ẹnu wọn kò dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọmọ ilé àwọn télọ̀ ni, láàárín ìgboro Ọ̀wọ̀. Ó kàwé dé ìwé mẹ́ta, wọ́n sì mú un kúrò. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí wọ́n fà á fún àgbẹ̀ olóko kòkó kan ní Arimogija, ibẹ̀ ló sì gbé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Gàrí ló ń rà kiri oko, láti Arimogija títí dé Ijagba àti àwọn abà tó wà láàárín wọn. Ẹni tó bá ń ra gàrí kiri oko kò lè máa fi ọwọ́ júwe ohun tó fẹ́. Ó gbọ́ èdè Arimogija, ó gbọ́ ti Ijagba, ó gbọ́ ti àwọn Ìgbìrà tí wọ́n ń kọ ebè iṣu lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó padà sílé baba rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì bá a wá iṣẹ́ ìnulẹ̀ yìí. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́, inú wọ́ọ̀dù ló ti ṣà á jọ, bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí olóko ti túlẹ̀ lọ.

Ẹ lè bi mí pé ṣebí ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n pọ̀. Sístà Monica tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ọmọ Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé ni, ọmọ ìjọ Kátólíìkì. Ṣùgbọ́n bí obìnrin Ijagba bá ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rù, tó ń sọ ọ́ sísàlẹ̀ ọ̀fun, ìdajì ni Sístà máa ń gbọ́, yóò sì méfò ìdajì yòókù. Ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, inú ìdajì tí wọ́n méfò yẹn ni ikú máa ń ba sí.

Ọdún àkọ́kọ́ tí Lábísí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹnu fún wọn ló ṣe àṣìṣe kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí di òní. Dókítà kan ní kó sọ fún Tahir, àgbẹ̀ kan láti Arimogija, pé bí ibà ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ ti rọlẹ̀, àìsàn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e lọ sílé kí abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, ó lè kú. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ń wo ẹnu wọn. Ta ló tọ́ Lábísí tí yóò fi dárúkọ ikú lójú ọmọ tó ń ṣàìsàn? Ẹni tí a kọ́ nílé kì í pe ejò ní ejò lálẹ́, okùn ló ń pè é. Ó di ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń fi ewé di ẹ̀kọ, ó ní:

“Dókítà ní kí ẹ ṣì ní sùúrù díẹ̀ sí i.”

Tahir dúpẹ́. Ó ní àwọn ti ní sùúrù ọjọ́ márùn-ún, ọmọ ti ń jẹun, ebè iṣu sì ń dúró de òun. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó gbé gàrí wá láti Arimogija sọ fún Lábísí pé wọ́n ti sin ọmọ náà.

Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Dókítà gbà pé wọ́n ti sọ fún bàbá. Bàbá kò mọ̀ pé wọ́n ní nǹkan kan láti sọ fún òun. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà sọnù sí ni Lábísí. Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sí Arimogija, ó bá Tahir lábẹ́ igi níwájú ilé, ó sì sọ ohun tí dókítà wí lọ́jọ́ yẹn fún un, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí i, láìbù kù.

“Ìyá,” ó ní, “ìgbà tó yẹ kí ẹ sọ ọ́ ti kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun tí ẹ wá.”

Láti ọjọ́ náà ni Lábísí ti ní ìlànà tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, yóò mú òbí ọmọ jáde sí fàráńdà kí ọmọ má gbọ́, yóò fi í jókòó lórí bẹ́ǹṣì, òun náà yóò sì jókòó. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ ọ́, bó ṣe wúwo tó nígbà tí wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké máa ń sọ pé Ìyá Lábísí kò láàánú. Ó ń gbọ́ wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀, ọmọbìnrin kan wọlé, ó pọn ọmọ ọdún méje sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọmọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Zulaihat lorúkọ rẹ̀, ọmọ ogún ọdún, ará Ijagba. Ó ti gun ọ̀kadà dé títì, ó wọ mọ́tò dé Ọ̀wọ̀. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná bí ààrò, ọrùn rẹ̀ le gan-an, kò sì lajú.

Nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣe káàdì, Akínfẹ́mi tó jẹ́ akọ̀wé níbẹ̀ bi í pé kí lorúkọ ọmọ. Zulaihat doríkodò. Ó ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Orúkọ bàbá ńkọ́? Ó tún doríkodò, ó ní Bàbá Oko. Akínfẹ́mi rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì.

“Ṣé Ìdílẹ̀kẹ̀ Bàbá Oko ni kí n kọ?”

Zulaihat mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Akínfẹ́mi bi í bóyá ọmọ ti gba káàdì níbí rí, ọmọbìnrin náà ní òun kò mọ̀. Akínfẹ́mi wá orúkọ náà wò fún ìṣẹ́jú kan, kò rí i, ó sì ya káàdì tuntun fún un.

Òpin wọ́ọ̀dù lọ́hùn-ún ni Lábísí wà nígbà tí wọ́n wí gbogbo èyí. Nígbà tí wọ́n pè é wá ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Dókítà Ṣèyíọlá ti ń yẹ ọmọ wò. Dókítà yìí, orúkọ rẹ̀ ló gbọ́ Yorùbá, òun alára kò gbọ́ ọ. Àbújá ni wọ́n ti tọ́ ọ. “Ẹ káàárọ̀” àti “ó dàbọ̀” ni gbogbo Yorùbá tó ní, ó sì máa ń lo ọ̀kan níbi tó yẹ kó ti lo èkejì. Ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́, kì í sì í kánjú lórí ọmọ. Ó ń béèrè, Lábísí ń gbé e lọ, ó ń gbé èsì padà.

Ọjọ́ mélòó? Mẹ́ta. Kí ni wọ́n ti fún un? Parasitamọ́ọ̀ lásán. Ṣé ó ti dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn rí? Zulaihat ní òun kò rí i rí. Lábísí gbé e gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ó ní òun kò rí i rí. Dókítà ní ṣé ìtumọ̀ ìyẹn ni pé ọmọ kò dùbúlẹ̀ rí? Lábísí ní òun kò mọ̀, kí dókítà jẹ́ kí òun bi í. Ìgbà náà ló tó hàn sí wọn pé Zulaihat kọ́ ni ìyá ọmọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọmọ ni, ààwẹ̀ èṣí ló dé ilé náà. Ìyá ọmọ ti lọ sí Ọ̀kà Àkókó fún àdúrà òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbàgbé fóònù sílé. Ọkọ Zulaihat àti bàbá ọmọ wà lóko gẹdú níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Zulaihat nìkan ló dá gbé ọmọ wá.

Dókítà sọ fún Sístà Monica pé àìsàn inú awọ ọpọlọ ló jọ, kò sì sí àkókò. Ó kọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Sístà fa oògùn náà sínú abẹ́rẹ́, ó gbé e sínú abọ́, ó sì mú okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń di apá kí iṣan lè yọ.

Nígbà tí okùn náà kan ọmọ lára, ọmọ tí kò lajú, tí kò sọ̀rọ̀, na apá òsì rẹ̀ síta. Ó yí inú apá sókè, ó ká àtàǹpàkò sínú ìka, ó sì fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Lábísí ń wò ó láti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ tí kò bá mọ okùn rọ́bà, ńṣe ló máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn, tí yóò sì ké. Ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń nulẹ̀ níbẹ̀, kò rí èyí tó na ọwọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

“Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró.”

“Ìyá Lábísí, ọmọ yìí ò lásìkò.”

“Mo mọ̀. Ó ti dé ibí rí. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀.”

Sístà wo ọwọ́ ọmọ. Ó pe dókítà padà. Dókítà gbọ́, ó rò ó wò, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ so omi mọ́ ọmọ lápá. Iṣẹ́jú mẹ́wàá ló fún Lábísí. Bí káàdì àtijọ́ kan bá wà, kó wá a wá. Bí kò bá sí, wọn ó gún abẹ́rẹ́ náà.

Lábísí lọ wo káàdì tuntun tí Akínfẹ́mi kọ. Ó lọ́ra ka lẹ́tà, ṣùgbọ́n èyí kò gbà á lásìkò. Akínfẹ́mi tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ó ní, “Ìyá, orúkọ tó fún mi ni mo kọ o.” Lábísí kò rẹ́rìn-ín. Òun náà ti ṣe ìyàwó ilé rí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi pe àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ní Akọ̀wé, ní Adúmáadán, ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Ẹni tí ìyàwó bá bá nínú ilé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni, kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu pe orúkọ rẹ̀. Bàbá ọkọ ńkọ́? Ìyẹn kò tilẹ̀ ṣeé ronú sí. Ìdílẹ̀kẹ̀ kì í ṣe orúkọ. Aṣọ tí wọ́n fi bo orúkọ ni.

Ó mú Zulaihat jáde sí fàráńdà, ó fi í jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

“Kí lorúkọ ọmọ yìí gan-an?”

Ọmọbìnrin náà wí pé, “Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò lè pè é.”

“Orí àìsàn ló wà.”

“Orí àìsàn tó wà gan-an ni n kò fi lè pè é.” Ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń fi etí aṣọ wé ìka. “Ìyá ọkọ mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Bí nǹkan bá ṣe é, tí wọ́n gbọ́ pé ẹnu tèmi ló dárúkọ rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, wọn ó ní èmi ni mo pè é lọ. N kò tíì bímọ nínú ilé yẹn.”

Láti ojú wíńdò, Lábísí ń wo omi tó ń kán sínú ọ̀pá rọ́bà. Bó bá jẹ́ Sístà ni, yóò pariwo mọ́ ọmọbìnrin náà pé ayé ti lajú. Ṣùgbọ́n Lábísí mọ̀ pé ẹnu tí a bá fipá là, irọ́ ló sábà máa ń sọ jáde. Ó rántí Tahir lábẹ́ igi. Lọ́jọ́ yẹn, ìwà tí wọ́n kọ́ òun nílé ló di òun lẹ́nu, òun sì jẹ́ kó dì í. Ó wá ń ro àṣà náà lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni ń tú ojú rírán wò, láti mọ ibi tó dé àti ibi tí kò dé.

“Gbọ́,” ó ní. “Ẹnu ìyàwó ni kò gbọ́dọ̀ pè é. Wọn kò sọ pé etí ìyàwó kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Èmi kì í ṣe ìyàwó ilé yín. N ó máa pè, ìwọ máa sọ pé rárá. Ibi tí mo bá pè tó bá jẹ́ òun, má sọ nǹkan kan.”

Zulaihat gbójú sókè wò ó.

“Àmínátù.”

“Rárá, Ìyá.”

“Sàfúrátù.”

“Rárá.”

“Ummusalamah.”

“Rárá.”

Ó pe mẹ́fà, ó pe méje. Omi ń kán. Ó pe orúkọ àwọn ọmọ tó mọ̀ ní Arimogija, ó pe orúkọ àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ nílé.

“Ràhmát.”

Zulaihat ń wo gọ́tà tí òjò ń ṣàn gbà kọjá. Kò sọ nǹkan kan.

Lábísí bẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá. Raheem, rárá. Yésúfù, rárá. Ó pe Àbúdùlàhí, ọmọbìnrin náà sì fi aṣọ bo ojú.

Lábísí padà kíákíá sídìí tábìlì Akínfẹ́mi. “Ràhmát Àbúdùlàhí, Ijagba,” ni Lábísí wí, Akínfẹ́mi sì wọ àárín pákó tí wọ́n ń to fáìlì sí. Kò wá a pẹ́. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n kọ ọ́, igun rẹ̀ ti ká, ẹnì kan sì ti fi bírò pupa fa ìlà mẹ́ta sí iwájú rẹ̀. Ohun tí Akínfẹ́mi kà níbẹ̀ pa ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin tó sanra ni, wọn kì í rí i kó yára, ṣùgbọ́n ó sáré lọ́jọ́ yẹn.

Dókítà Ṣèyíọlá kà á lórí ìdúró. Nígbà tí Ràhmát wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́ yìí kan náà. Kí wọ́n tó fa abẹ́rẹ́ jáde tán, ojú àti ọ̀fun rẹ̀ ti wú, èémí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pin. Wọ́n kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fún un mọ́ láéláé, òun àti gbogbo oògùn tó bá a tan. Dókítà kọ oògùn mìíràn. Sístà Monica gbé abọ́ náà lọ, ó sì ju abẹ́rẹ́ tó ti fà kalẹ̀ nù. Nígbà tó padà dé, ó di ọwọ́ Lábísí mú fún ìgbà díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni dókítà gbé ọ̀rọ̀ mìíràn lé Lábísí lọ́wọ́, èyí tó wúwo. Lábísí tún mú Zulaihat padà sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n sì jókòó.

“Ó lè kú,” ni Lábísí wí. “Dókítà ní òun yóò sa gbogbo ipá òun, ṣùgbọ́n ó lè kú. Bí kò bá sì kú, etí rẹ̀ lè má gbọ́ràn mọ́. Bó bá jí, tí a bá pè é tí ó dáhùn, ìgbà náà la ó tó mọ̀.”

Zulaihat mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó béèrè ohun tó yẹ kí òun ṣe. Lábísí ní kó jókòó ti ọmọ, kó máa bá a sọ̀rọ̀.

“Kí ni kí n máa pè é?”

“Ohun tí ò ń pè é tẹ́lẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ló jókòó tì í ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní Ọjọ́rú, ní Ọjọ́bọ̀. Ó ń sọ fún un nípa àgbàdo tó ń hù lẹ́yìn ilé, nípa adìẹ tó pa ẹyin. Ọmọ kò dáhùn. Bí Lábísí bá nulẹ̀ dé ibẹ̀, yóò dúró ju bó ṣe máa ń dúró lọ, yóò wo àyà ọmọ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, yóò sì sún garawa rẹ̀ síwájú.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìyá ọmọ dé láti Ọ̀kà. Hamidat lorúkọ rẹ̀, obìnrin tó ti lé díẹ̀ láàádọ́ta, erùpẹ̀ ọ̀nà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Zulaihat ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Hamidat kò kọ́kọ́ wò ó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí pátákó kékeré tó wà níbi ìrọ̀rí, tí wọ́n kọ Ràhmát Àbúdùlàhí sí gàdàgbà. Ó kàwé díẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

“Ta ló pe ọmọ mi fún wọn?”

Lábísí fi ọ̀pá ìnulẹ̀ rẹ̀ ti ògiri, ó sún mọ́ wọn.

“Èmi ni. Ìyàwó rẹ kò pe orúkọ kankan. Gbogbo èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ ló sọ pé rárá sí. Èyí tó jẹ́ tirẹ̀, ó dákẹ́.”

Ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, láti orí ọwọ́ tí ọmọ nà dé orí abẹ́rẹ́ tí wọ́n dànù. Ó sọ ọ́ ní èdè Ijagba, ní ohùn kan náà tó fi ń sọ gbogbo nǹkan. Ó wá bi í ìdí tí kò fi sọ fún ọmọbìnrin náà pé abẹ́rẹ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ rí.

Hamidat wá ibi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì jókòó sí.

“A kì í tú àìsàn ọmọ ilé fún ìyàwó tuntun,” ó ní. “Òun kò lè la ẹnu, èmi náà kò la ẹnu. Nínú àwa méjèèjì, òun nìkan ni ìdákẹ́ tọ́ sí.”

Ó na ọwọ́ sí Zulaihat, ó fà á dìde lórí ìkúnlẹ̀.

“Èmi tí mo bí i ni mo fún ọ láyè. Láti òní lọ, pe orúkọ rẹ̀. Pè é kí n gbọ́.”

Zulaihat wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó wo ọmọ. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. Ọ̀rọ̀ náà kò wá. Nígbà tí ohùn rẹ̀ jáde, èyí tó ti ń pè láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló jáde.

“Ìdílẹ̀kẹ̀.”

Lórí ìrọ̀rí, ètè ọmọ gbẹ, ojú rẹ̀ sì wà ní pípadé. “Hẹ̀n,” ló wí.

Hamidat fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Lábísí dúró títí ó fi dá a lójú pé ohun tí òun gbọ́ ni òun gbọ́. Ó mú ọ̀pá ìnulẹ̀ rẹ̀, ó gbé garawa, ó sì lọ bá Dókítà Ṣèyíọlá níbi tó ti ń kọ̀wé. Ó sọ ọ́ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì tó ṣà jọ, kò fi kún un, kò yọ kúrò nínú rẹ̀: wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́, ó sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan.